Bí Jígí Mi Kò Ṣe Ṣú Mọ́ Lábẹ́ Odò Olúwà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Òrè, ẹ ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, kí ẹ lè fi mọ iṣẹ́ tí ẹ máa yàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó ti ìwé yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì dìde. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé oníjàyà ènìyàn ni mí. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn tán, màá tún padà lọ wò ó bóyá mo tì í. Bí mo bá wọ mọ́tò, màá bi dẹ́rẹ́bà bóyá bíréèkì rẹ̀ ń mú. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé mi sínú pósí, màá kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n kan ìdérí rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, irú ènìyàn yìí náà ló fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún wọ abẹ́ omi jẹun.

Òmùwẹ̀ gẹdú ni mí. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà rí, torí orí títì ni ẹ ti ń rí gẹdú, lórí ọkọ̀ ńlá, tó ń kọjá lọ sí Èkó tàbí Ìbíní. Nígbà tiwa, omi ló ń gbé e. Wọ́n á gé igi nínú igbó Omifunfun, igbó Ajué àti ti Àgọ́ Aláyé, wọ́n á wọ́ ọ dé etí odò Olúwà, wọ́n á dì í pọ̀ mọ́ra, odò á sì gbé e lọ sísàlẹ̀. Igi bí afárá fúyẹ́, ó máa ń léfòó. Ṣùgbọ́n ẹkì àti òpèpè wúwo bí òkúta. Àárín àwọn igi fífúyẹ́ ni wọ́n máa ń so wọ́n mọ́. Bí okùn bá jẹrà tó já, igi ńlá á wọlẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Ẹni tó ni ín kò ní gbà kó ṣòfò. Àwa ni wọ́n á wá pè. A óò rì wọlé, a óò wá igi náà rí, a óò ti ṣéènì gba abẹ́ orí rẹ̀ àti abẹ́ ìdí rẹ̀, àwọn tó wà létí omi á sì fi ẹ̀rọ fà á jáde. Iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi ní Ajué, èmi ni ọmọ kẹta, mo sì mọ omi lúwẹ̀ẹ́ ju bí mo ṣe mọ àdá lò lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń bá àwọn agégẹdú ṣiṣẹ́ ló mú mi lọ fún ọ̀gá. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà. Ní ti owó, ó bọ́ mi, ó fẹ́ ìyàwó fún mi, ó kọ́ ilé tí mo wà nínú rẹ̀ yìí. Ó tán.

Ọ̀gá mi ni mo fẹ́ sọ. Orímisan ni orúkọ rẹ̀, ará Ìlàjẹ láti etí òkun, irú àwọn tí a máa ń sọ pé orí omi ni wọ́n bí wọn sí. Ọkùnrin kúkúrú, àyà rẹ̀ fẹ̀, kì í pariwo. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju ẹ̀rù odò lọ. Odò a máa ṣàánú ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n rì sábẹ́ omi. Jígí ló fi kọ́ mi.

Jígí omi wa ìgbà yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ́ ẹ. Igi ọmọ̀ ló fi ń ṣe fírémù rẹ̀ méjèèjì, á gbẹ́ ẹ títí tí yóò fi bá egungun ojú ẹni tó fẹ́ lò ó mu. Á gé gíláàsì wẹ́wẹ́ sí i, á fi oje igi lẹ̀ ẹ́ pinpin, á wá fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ so ó mọ́ orí. Kò jẹ́ kí omi wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀tá kan wà tí kì í gba ìta wọlé, inú jígí ló ti ń wá. Ojú ènìyàn gbóná, omi odò tutù, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́. Ooru ojú á di ìrì, ìrì á bo gíláàsì láti inú, jígí á sì ṣú. O lè wà nísàlẹ̀ odò pẹ̀lú igi tó wúwo ju mọ́tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kó jẹ́ kùrukùru nìkan ni o ń rí. Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Lábẹ́ omi, ọba yẹn kì í pẹ́ bọ́ lórí oyè.

Òfin ọ̀gá mi lórí jígí pọ̀ ju òfin ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Kó o tó wọ̀ ọ́, fi omi odò bọ́jú títí ojú yóò fi tutù. Má ti jígí sókè iwájú orí rẹ láéláé, òógùn orí á wọ inú rẹ̀. Má fi aṣọ nu inú rẹ̀. Tutọ́ sí i, fi ìka ra á títí yóò fi máa dún, rì í sómi lẹ́ẹ̀kan péré, kó o sì gbé e wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Itọ́ yìí ló ń jẹ́ kí ìrì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí gíláàsì, kò ní lè dúró bí ẹ̀kán kéékèèké. Ṣùgbọ́n itọ́ ẹni tó jẹ ohun elépo kò wúlò. Fún ìdí èyí, a kì í jẹ àkàrà láàárọ̀, a kì í jẹ ọbẹ̀ àná. Ẹ̀kọ tútù àti omi ni. Kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ọ̀gá á ní kí oníkálukú la ẹnu, á sì gbóòórùn rẹ̀.

Mo jẹ àkàrà lọ́jọ́ kan ní Àgọ́ Aláyé. Ebi ló pa mí, mo sì ti fi ọsàn fọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, mo rò pé mo gbọ́n. Ọ̀gá gbóòórùn ẹnu mi. Ó ní kí n tutọ́ sí jígí mi, kí n wọ̀ ọ́, kí n jókòó sínú omi títí dé ọrùn, kí n máa wo igi ọ̀pẹ kan ní òdìkejì odò, kí n pè nígbà tí mi ò bá rí i mọ́. Kò pẹ́ tí mo pè. Ó ní kí n fọ̀ ọ́, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ni mo fi ń pe ọ̀pẹ yẹn. Gbólóhùn kan péré ló sọ fún mi nígbà tí mo jáde, tí ara mi ń gbọ̀n: “Epo ni ọ̀tá jígí.”

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ẹni kan wà tí a jọ ń ṣe é. Lékè lorúkọ rẹ̀, ọmọ Odígbò, aláwàdà, ẹni tó lè mú èémí dání títí tí ẹni tó wà lókè á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Èmi a wà ní orí igi, òun a wà ní ìdí. Okùn wà ní ìbàdí wa méjèèjì, ẹni tó wà létí omi ló ń di ìyókù rẹ̀ mú. Bí o bá fa okùn lẹ́ẹ̀kan, àlàáfíà ni. Bí o bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fà ọ́ sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àmì pé kí wọ́n fa igi, ẹni tó wà ní orí igi nìkan ló sì láṣẹ láti fún wọn ní àmì yẹn. Kí n tó fà á, mo gbọ́dọ̀ wẹ̀ dé ìdí igi, kí n fi ojú ara mi rí i pé Lékè ti kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ jígí fi ń jẹ mí lọ́kàn tọ̀sán-tòru. Ẹ̀mí ọmọ olọ́mọ wà lójú mi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí mo jogún ìjàyà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyá mi ni. Aláṣọ funfun ni, ìyá àdúrà gidi, ìjọ kan náà ni òun àti ìyá Lékè ń lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ omi ni oorun rẹ̀ ti dín kù. Bí mo bá ti pẹ́ díẹ̀ kí n tó dé, ẹnu ọ̀nà ni màá bá a. Ààwẹ̀ tó gbà nítorí mi kò lóǹkà.

Ìgbà tí òmìnira kù dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ́lé. Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn dá sílẹ̀ ń hù káàkiri bí olú, gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ pákó. Iṣẹ́ pọ̀ fún wa débi pé a kì í sinmi. Ọ̀gá wá ra jígí omi tuntun fún èmi àti Lékè láti Èkó, olórọ́bà dúdú, tó ń dán, tó rọ̀ mọ́ ojú. Ó ní kí oníkálukú mú tirẹ̀ lọ sílé, kó sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Ó ní ẹni tó bá bà á jẹ́, kó má padà wá. Ọ̀gá kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wòlíì kan ríran sí ìyá mi nílé àdúrà. Ó ní òun rí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nínú omi, kùrukùru sì bo ojú rẹ̀. Ìyá mi délé, ó sọ ìran náà fún mi. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ìyé, kùrukùru kì í ṣe àlejò lójú mi, òun ni mò ń bá jà lójoojúmọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má lọ fún ọjọ́ méje. Mo sọ fún un pé bí mi ò bá lọ, ọ̀gá á gba ẹlòmíì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé jígí tuntun náà kọ́ sára ògiri, mo lọ pọn omi. Ìyá mi mú òróró àdúrà rẹ̀, ó fi ìka ṣe àmì àgbélébùú sí gíláàsì méjèèjì, nínú àti lóde. Ó wá fi aṣọ funfun rẹ̀ nù ún fẹ́ẹ́rẹ́ kí n má bàa mọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ fún mi, màá bá òun jiyàn. Mo padà dé, mo jẹun, mo sùn. Mi ò fura rárá.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Igi ẹkì kan ló rì, ó tóbi púpọ̀, ẹni tó ni ín sì wà létí odò tó ń rìn síwá sẹ́yìn. Mo bọ́jú. Mo tutọ́ sí jígí. Itọ́ náà yí kúrò bí omi orí ewé kókò. Mo tún tu òmíì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bóyá bí olórọ́bà ṣe máa ń ṣe nìyẹn, tàbí pé mo ti ba nǹkan tó ti ọ̀nà jíjìn wá jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé mẹ́ta. Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo odò. Mo gbé jígí wọ̀, mo sì rì.

Mi ò rí nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé inú bébà tí wọ́n fi wé àkàrà ni mo ti ń wò ó. Mo jáde. Ọ̀gá bi mí bóyá mo ríran dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí ayé mi ti yà kúrò lọ́nà nìyí. Ó yẹ kí n ní rárá. Ẹnu mi ti là tán láti sọ ọ́. Mo rántí jígí tuntun, mo rántí pé kí ẹni tó bá bà á jẹ́ má padà wá. Mo sọ pé, “Mo ríran dáadáa, sà.”

Mo tún wọlé. Ọwọ́ ni mo fi wá orí igi náà, ọwọ́ náà ni mo fi ti ṣéènì gba abẹ́ rẹ̀. Ó ṣe é ṣe, torí mo ti mọ iṣẹ́ náà dé egungun. Ó wá ku kí n wẹ̀ dé ìdí igi. Mo wẹ̀ díẹ̀. Èémí mi ń tán lọ, ẹ̀rù ń tì mí lẹ́yìn. Mo rí ohun kan tó funfun fírífírí tó ń gòkè lọ ní ọ̀kánkán mi. Mo sọ fún ara mi pé ẹsẹ̀ Lékè ni, ó ti ń jáde lọ. Títí dòní mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo di okùn mi mú, mo fà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Igi náà gbéra, ó sì yí. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú omi. Mo jáde sókè, mo ń wò kiri. Orí èmi nìkan ló wà lójú omi. Okùn Lékè ń gbọ̀n, ó ń fò lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Ọ̀gá kò wá jígí kankan, ó bẹ́ sódò pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Wọ́n dẹ ṣéènì. Bí ọ̀gá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, mi ò lè sọ, ṣùgbọ́n mo ti ṣe gbogbo ìlérí tí ènìyàn lè ṣe fún Ọlọ́run kó tó gbé e jáde. Lékè kò mí. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, omi ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó wá húkọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti run sábẹ́ igi. Ṣéènì ló kọ́ mọ́ gbòǹgbò kan, Lékè sì ń gbìyànjú láti tú u nígbà tí igi yí. Ọkọ̀ gẹdú ni wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù.

Gbogbo wọn ṣáájú, ó ku èmi nìkan létí odò. Mo bọ́ jígí lọ́rùn, mo gbé e súnmọ́ imú. Òróró ìyá mi máa ń ní tùràrí nínú. Mo mọ òórùn náà bí mo ṣe mọ òórùn ilé wa. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a kò fi mọ̀ bóyá Lékè á yè. Mi ò jẹun, mi ò sùn. Bí mo bá gbọ́ mọ́tò lójú ọ̀nà, ara mi á bù máṣọ. Wọ́n gé ìka rẹ̀ mẹ́ta, ó ku àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín. Ọ̀gá sọ pé ọyẹ́ ló fà á, pé jígí ṣú. Àwọn agégẹdú ní omi ló rú. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì dákẹ́. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, gbogbo ènìyàn fi òwe yẹn tu ara wọn nínú, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá mi dìde láti jẹ́rìí nílé àdúrà. Mo ti ń fura láti ìgbà tí mo ti rí i tó lọ aṣọ funfun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró níwájú ìjọ, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ẹ bá mi yin Ọlọ́run,” ó ní. “Wòlíì ríran sí mi. Mo mú òróró, mo fi yan jígí ọma mi kó tó wọ odò. Ewu wá, ó ré ọma mi kọjá.”

Ìjọ hó yèè. Mo wo ìyá Lékè lórí ìjókòó rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pàtẹ́wọ́ fún ìyá mi. Nígbà tí ìsìn parí, ó wá bá ìyá mi, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní díẹ̀ nínú òróró náà, kí òun fi pamọ́ de Lékè. Ìyá mi dá a sí ìgò kékeré fún un. Ojú tì mí títí ó fi dùn mí nínú egungun. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé ìyá mi kò ní mọ̀ láyé. Bí ó bá mọ̀ pé òróró òun ló bo ojú mi, ó máa kú. Mo mọ̀ ọ́n.

Ó wá ku èmi àti òróró. Ìyá mi ti rí i pé ó ṣiṣẹ́, báwo ló ṣe máa dáwọ́ dúró? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń fi yan jígí mi. Ní gbangba ni báyìí, ó ń kọrin sí i. Gbogbo àárọ̀, èmi a lọ fi ara mi pamọ́ sẹ́yìn igi kan létí odò kí àwọn yòókù tó dé, màá máa fọ̀ ọ́. Ọṣẹ dúdú àti eérú èèpo kòkó ni mo ń lò. Màá fọ gbogbo òróró kúrò. Màá tún wá fi ọṣẹ díẹ̀ bíńtín ra inú gíláàsì náà, màá jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, kí n tó rì í sómi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣọ́ra, bí ọṣẹ bá kù níbẹ̀ jù, á ta ojú. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe èyí láìṣìṣe lọ́jọ́ kan.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé jígí mi kò ṣú mọ́. Kò sí jígí tí ẹnikẹ́ni ń fọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọyẹ́, tí àwọn òmùwẹ̀ yòókù ń jáde nígbà gbogbo láti tutọ́, èmi á wà nísàlẹ̀, màá máa rí ẹja kéékèèké. Òkìkí mi kàn. Wọ́n ń wá láti ìsàlẹ̀ odò wá béèrè àṣírí, ìyá mi a máa fi ọwọ́ sọ àyà, á ní òróró ni. Èmi a ní ọṣẹ ni. Àwọn ènìyàn rò pé mò ń rẹ ara mi sílẹ̀. Ọ̀gá mi náà bi mí lọ́jọ́ kan ìdí tí mo fi ń tètè dé ju gbogbo ènìyàn lọ. Mo ní mi ò lè sùn. Irọ́ kọ́ nìyẹn.

Lékè padà wá. Kò lè rì mọ́, ọ̀gá wá ní kó máa di okùn mú. Okùn mi ló ń dì mú, pẹ̀lú àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín ní ọwọ́ kan àti ọwọ́ òsì tó pé. Ẹ̀mí mi wá wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Kò sí ẹni tó di okùn mi mú dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá ti jáde lómi, ọwọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń rí, á nà án sí mi kó lè fà mí sínú ọkọ̀. Ó ṣì ń dápàárá. Àwa méjèèjì kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rí.

Ayé ń yí. Ìgbà wẹ́tìẹ̀ dé, tí wọ́n ń dáná sun ilé nítorí òṣèlú, àwọn olówó gẹdú sá lọ sílé wọn, iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà títì ńlá gba Òrè kọjá, ọkọ̀ sì gba gẹdú lọ́wọ́ odò. Àwọn tó ń ṣe títì kó wa lọ sí ìdí afárá odò, láti máa wo òpó rẹ̀ lábẹ́ omi bóyá ó sán. A gba jígí tó bo imú mọ́ ojú. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n mú ẹ̀rọ wá tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wa nínú ọ̀pá rọ́bà, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ bí àwo. Mo rò pé ìṣòro ti parí. Ọyẹ́ kìíní tó dé, gíláàsì olówó ńlá náà ṣú. Ẹ̀ńjìníà tó ń bójú tó wa dúró, ó ń wò ó, ó ń wo ìwé. Èmi ni mo mú ọṣẹ dúdú jáde. Irinṣẹ́ ń pààrọ̀, ojú ènìyàn kò yé gbóná, omi kò sì yé tutù.

Ọ̀gá mi kú sí ilé rẹ̀ létí òkun. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí etí mi kò gba ìsàlẹ̀ odò mọ́. Ìyá mi gbó, ó tọ́, ojú rẹ̀ fọ́ níkẹyìn. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò yá mọ́, ó ní kí n gbé jígí mi wá. Mo ti fẹ̀yìntì nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé. Mo gbé ọ̀kan fún un. Ó fi ọwọ́ wá gíláàsì náà, ó ṣe àmì àgbélébùú sí i, ó ní kí n máa bọ̀ ní àlàáfíà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fọ òróró yẹn kúrò, ó ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo rò ó pé kò sí ẹni tí mò ń pa àṣírí náà mọ́ fún mọ́. Mo wọ mọ́tò lọ sí Odígbò, mo bá Lékè nídìí ilé rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì yẹ gbágùúdá wò. A ti di arúgbó. Mo jókòó, mo sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, òróró, wòlíì, ìyá mi, ọṣẹ ìdájí, gbogbo rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi. Mo ní kó dárí ji ìyá mi, pé ìfẹ́ ló ṣe é, kò mọ̀.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọsibítù. Ìyá òun ló gbé ìgò òróró náà wá fún òun, tó sì sọ ẹ̀rí tí ìyá mi jẹ́. Òmùwẹ̀ ni òun, ó ní, òun mọ ohun tí epo ń ṣe fún jígí. Òun kò bínú sí ìyá mi rí lọ́jọ́ kan.

“Òróró kọ́ ló fa okùn,” ó ní. “Ìwọ lo fà á. Kí ló dé tí o fà á, nígbà tí o kò rí mi?”

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ọdún yẹn ni mo fi ń bo ìyá mi láṣìírí. Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ni mò ń fọ̀ ní gbogbo àárọ̀.

“Ẹ̀rù ọ̀gá ló bà mí,” ni mo dáhùn. “Mo ti sọ fún un pé mo ríran.”

Lékè mi orí. Ó ní ohun tí òun ń dúró láti gbọ́ nìyẹn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ gbágùúdá kan fún mi pé kí n mú lọ sílé fún ìyàwó mi, ó sì sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ mọ́tò. Kò sọ pé òun dárí jì mí, èmi náà kò sì lè béèrè.